MRI ọmú: ta ni wọ́n ń ṣe é fún?

Láti ìgbà tí mo ti sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ mi pé wọ́n fi MRI, ẹ̀rọ tó ń fi òòfà ya àwòrán inú ara, yẹ ọmú mi wò, ìbéèrè kan náà ni wọ́n ń bi mi: "Báwo ni kí èmi náà ṣe forúkọ sílẹ̀?" Àwa tá a wà lókè òkun máa ń rò pé bí ilé ìwòsàn bá ti ní ẹ̀rọ ńlá, ti gbogbo wa ni. Ti MRI kò rí bẹ́ẹ̀. Mammogram, ìyẹn ẹ́síréè ọmú, ni wọ́n fi ń yẹ ọ̀pọ̀ obìnrin wò. Ẹni tí ewu jẹjẹrẹ ọmú tirẹ̀ bá ju ti ẹlòmíràn lọ dáadáa ni wọ́n ń fi MRI kún un fún.

Ọ̀rọ̀ ẹbí ló gbé èmi débẹ̀. Nọ́ọ̀sì fẹ́ mọ ẹni tó ti ní jẹjẹrẹ ọmú tàbí ti ilé ẹyin rí nínú ẹbí wa, lọ́dọ̀ ìyá àti lọ́dọ̀ bàbá, àti ọjọ́ orí tí kálukú wà nígbà tó bẹ̀rẹ̀. (Ẹ má fojú kéré ti bàbá o, ọkùnrin náà lè gbé jíìnì, ìyẹn àbùdá àjogúnbá, tó ń mú ewu yìí pọ̀ fún ọmọ rẹ̀.) Mo pe àbúrò màmá mi.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́ mà, àìsàn wo gan-an ló pa ẹ̀gbọ́n yín?"

"Kí lo fẹ́ fi ìyẹn ṣe?"

"Dókítà ló ń bèèrè, mà."

"Hmm. Ọmú ni. Kò tíì pé ogójì ọdún."

Èyí ló mú kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò, wọ́n sì bá àléébù nínú jíìnì BRCA1, irú èyí tó ń mú ewu jẹjẹrẹ ọmú àti ti ilé ẹyin pọ̀. Láti ọdún 2007 ni American Cancer Society, ẹgbẹ́ tó ń gbógun ti jẹjẹrẹ ní Amẹ́ríkà, ti ní kí irú wa, àti ẹni tí ìṣirò bá fi hàn pé ewu pé kó ní jẹjẹrẹ ọmú láyé rẹ̀ tó nǹkan bí 20 sí 25 nínú 100 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, máa ṣe MRI pẹ̀lú mammogram lọ́dọọdún.

Òòfà ńlá ni ẹ̀rọ náà, kò ní ìtànṣán ẹ́síréè. Mo bọ́ kọ́mú, mo yọ yẹtí, wọ́n bi mí bóyá irin wà nínú ara mi, bóyá kíndìnrín mi dá ṣáṣá. Wọ́n ki abẹ́rẹ́ bọ iṣan apá mi, mo wá dojú bolẹ̀ lórí ibùsùn tó ní ihò méjì, ọmú kọ̀ọ̀kan sì wọ tirẹ̀. O ò gbọdọ̀ mira. Ariwo rẹ̀! Wọ́n ti dí mi létí o, síbẹ̀ ó ń dún bí ẹni ń fi òòlù lu páànù. Nígbà tó yá, oògùn gadolinium gba apá mi wọlé, ó tutù rinrin. Oògùn yẹn niṣẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀: iṣan ẹ̀jẹ̀ tuntun tí jẹjẹrẹ ń hù máa ń jò, oògùn á tètè kún ibẹ̀, ibẹ̀ á sì mọ́lẹ̀ yanran nínú àwòrán. Ṣùgbọ́n àwọn hóró kálísíọ́ọ̀mù tín-ín-tìn-ìn-tín tí mammogram ń rí, MRI sábà máa ń fò wọ́n dá. Ìdí nìyẹn tí wọn ò fi lè fi ọ̀kan rọ́pò èkejì.

Ohun tó bí mi nínú ni pé ọ̀sẹ̀ tí nǹkan oṣù mi ń bọ̀ ni wọ́n fún mi. Ọmú tí kò ní àìsàn pàápàá máa ń mọ́lẹ̀ nínú àwòrán lásìkò yẹn. Ọjọ́ 7 sí 14 lẹ́yìn tí nǹkan oṣù bá bẹ̀rẹ̀ ló dára jù. Ni wọ́n bá pè mí padà pé nǹkan kan ń tàn. Wọ́n fi abẹ́rẹ́ mú díẹ̀ nínú ẹran ibẹ̀ lọ yẹ̀ wò. Kò sí nǹkan kan, àmọ́ oorun ti fò lójú mi kí èsì tó dé. Ó yẹ kí wọ́n ti sọ fúnni ṣáájú pé ìpè báyìí wọ́pọ̀ ní MRI àkọ́kọ́.

Àwọn tí ọmú wọn ki gan-an, ìyẹn tí ẹran inú rẹ̀ pọ̀ ju ọ̀rá lọ, náà ń bèèrè. Nínú ìwádìí kan ní Netherlands tó jáde lọ́dún 2019, wọ́n pe irú wọn tí mammogram kò rí nǹkan kan lára wọn wá ṣe MRI. Jẹjẹrẹ tó yọjú kí àyẹ̀wò tó kàn tó pé jẹ́ 2.5 nínú 1,000 láàárín wọn, nígbà tó jẹ́ 5 láàárín àwọn tí wọn ò pè. Iye ikú kọ́ ni wọ́n kà níbẹ̀ o.

Ẹni tó bá sì ti fọwọ́ kan kókó lọ́mú rẹ̀, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ kọ́ là ń sọ yìí. Kó má dúró de lẹ́tà àyẹ̀wò kankan, dókítà ni kó lọ rí.