Odó Mi Dà? Ohun tí Ilé Oúnjẹ Kan ní Kàbà Fi Kọ́ Mi

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ́ sídìí iṣẹ́ ilé kíkọ́, okun o. Ẹ̀yin tí ẹ wà lórí àkàbà lọ́wọ́ báyìí, ẹ kú oòrùn.

Ọ̀kan nínú yín bi mí lọ́sẹ̀ tó kọjá pé iṣẹ́ wo ló là mí lójú jù. Ó rò pé ilé alájà mẹ́ta tí a kọ́ ní Lọ́kọ́jà ni màá dárúkọ. Ilé oúnjẹ kékeré kan ni o, létí títì ní Kàbà. Ìyá oníyán kan ló ni ín. Abẹ́ páànù ló ti ń tajà fún bí ogún ọdún, kí àwọn ọmọ rẹ̀ tó dáwó jọ pé kí á kọ́ ilé gidi fún un.

Lọ́jọ́ tí mo gbé pílánì lọ bá a, mo tẹ́ ẹ sórí bẹ́ǹṣì, mo ń fi ìka tọ́ ọ: ibi tí oníbàárà á jókòó rèé, káńtà rèé, ilé ìdáná rèé, sítọ́ọ̀ rèé. Ìyá náà wò ó títí. Ó ní, "Injíníà, ó dáa o. Odó mi dà?"

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Ẹ má ṣèyọnu, mà. Àyè á wà fún un."

Kò sóhun tó ná wa lówó tó ẹ̀rín yẹn.

Odó mẹ́ta ni ìyá ní. Láti nǹkan bí aago mẹ́sàn-án àárọ̀ títí ọ̀sán fi máa pọ́n dáadáa, àwọn ọmọkùnrin méjì méjì ló ń gún iyán lákọlákọ. Èmi sì ti ní kí wọ́n tẹ́ táìsì dídán sí gbogbo ilẹ̀ ilé ìdáná, nítorí ó wù mí lójú. Ọjọ́ kẹta tí wọ́n ṣí ilé, táìsì abẹ́ odó àkọ́kọ́ ti fọ́ wẹ́wẹ́ bí èèpo ẹyin. Kó tó di ọ̀sẹ̀ kejì, àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ti ń dún bí agbè òfìfo tí a bá kan ìka mọ́ wọn. Àwọn tó ń jẹun lódì kejì ògiri ní omi inú ife àwọn ń gbọ̀n. Sìmẹ́ńtì kì í sábà kún abẹ́ táìsì tán. Ibi tí àlàfo bá wà lábẹ́ rẹ̀, ibẹ̀ ni ọmọrí odó yóò ti fọ́ ọ.

A wú gbogbo igun náà. Nígbẹ̀yìn, a kọ́ àtíbàbà kan sẹ́yìn ilé ìdáná, a da kọnkéré tó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 15 síbẹ̀ pẹ̀lú irin nínú, a sì fi àlàfo tó fẹ̀ tó ìka kan sáàárín rẹ̀ àti ògiri ilé kí ìgbọ̀nrìrì má bàa wọlé. Ìyá fi táyà ògbólógbòó sábẹ́ odó kọ̀ọ̀kan. Ó wò mí, ó ní, "Ibi tí mo ti ní lọ́kàn látilẹ̀ nìyí."

Látìgbà náà, n kì í ti ibi tí oníbàárà á jókòó bẹ̀rẹ̀ mọ́. Iṣu ni mo ń tẹ̀ lé. Mọ́tò tó gbé iṣu dé, níbo ló máa já a sí? Ta ló ń gbé e lọ sí sítọ́ọ̀? Níbo ni wọ́n ti ń bẹ ẹ́, èèpo ń lọ síbo, omi tí wọ́n fi fọ̀ ọ́ ńkọ́? Ó dé orí iná, ó dé odó, ó dé àwo, ó dé iwájú ẹni tó fẹ́ jẹ ẹ́. Lẹ́yìn náà, màá tẹ̀ lé àwo ìdọ̀tí padà. Bí ọ̀nà àwo ìdọ̀tí bá ti pàdé ọ̀nà oúnjẹ, pílánì yẹn ò tíì tó.

Nígbà tí iṣẹ́ ilé oúnjẹ kejì dé, lẹ́bàá Mọ̀pà, n ò gbára lé bébà nìkan mọ́. Mo bu eérú, mo fi ya ilé ìdáná sórí ilẹ̀ gbalasa, bó ṣe máa tóbi gan-an. A gbé bẹ́ǹṣì kalẹ̀ dípò tábìlì, a fi garawa ṣe iná. Mo bẹ àwọn obìnrin tó ń sè pé kí wọ́n ṣe é bí ẹni pé ọjọ́ ọjà ni. Ojú kọ́kọ́ ń tì wọ́n. Wọ́n ń wò mí bí ẹni tí oòrùn ti pa lórí. Kò pẹ́, wọ́n gbàgbé mi. Ọ̀kan gbé tiréè jáde, èkejì ń gbé abọ́ ìfọṣọ tó kún fún àwo wọlé, wọ́n sì pàdé níbi ilẹ̀kùn. Àwọn méjèèjì dúró. "Ẹ yà fún mi, mà." "Níbo ni n ó yà sí?" Sẹ̀ǹtímítà 90 ni ilẹ̀kùn náà; lórí bébà, ó fẹ̀ bí ẹnu ọ̀nà ààfin. Ibẹ̀ ni a ti sọ ọ́ di ilẹ̀kùn méjì, ọ̀kan fún àjáde, ọ̀kan fún àbọ̀. Eérú abọ́ kan ló gbà, a ò fọ́ búlọ́ọ̀kù kankan.

Ẹ jẹ́ n padà sí Kàbà, àṣìṣe ibẹ̀ ò tíì tán. Igi ni ìyá fi ń dáná. Apá àríwá ìlà-oòrùn ilé ni mo kọ́ ìdáná sí, nítorí ibẹ̀ ni ilẹ̀ ṣẹ́ kù. Lásìkò òjò tí a dán iná wò, afẹ́fẹ́ ń ti gúúsù ìwọ̀-oòrùn bọ̀, ó ń gbá èéfín lọ sínú igbó, inú wa dùn. Ọyẹ́ dé, afẹ́fẹ́ yí padà, ó ń ti àríwá ìlà-oòrùn fẹ́ wá, gbogbo èéfín sì wọlé tọ oníbàárà lọ. Àgbẹ̀ èyíkéyìí tó ti dáná sun oko rí ní Kàbà ì bá ti sọ fún mi. A ní láti gbé ihò èéfín ga kọjá góńgó òrùlé. Bí ilẹ̀ bá gbà yín láyè, ẹ gbé ìdáná sí ẹ̀gbẹ́ kan tí afẹ́fẹ́ méjèèjì ò ti ní gba orí rẹ̀ wá sínú ilé.

Ti omi. Ìparí iṣẹ́ ni mo fi gbígbẹ́ bóòhólù sí, bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣe, omi táńkà ni a sì ń rà. Oṣù kejì ni a da jámánì fúlọ́ọ̀, ìyẹn kọnkéré ilẹ̀ ilé, nínú ọyẹ́. Fóòmáànù pàṣẹ pé kí wọ́n máa bu omi sí i láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Omi tán lọ́jọ́ kejì, kò sẹ́ni tó sọ fún mi, èmi náà ò béèrè. Nígbà tí mo dé lọ́jọ́ karùn-ún, ilẹ̀ ti sán bí ẹrẹ̀ odò tó gbẹ. Omi ni kọnkéré fi ń le. Bí ọyẹ́ bá fa omi inú rẹ̀ jáde kó tó gbó, agbára rẹ̀ ti lọ nìyẹn. Ó kéré tán, ọjọ́ 7 ló yẹ kó fi wà ní tútù, ọjọ́ 28 la sì fi ń wọn agbára rẹ̀. Àpò tí a rẹ sómi tí a tẹ́ lé e lórí ṣàǹfààní ju ariwo fóòmáànù lọ.

Nítorí náà, bóòhólù ni mo fi ń ṣáájú báyìí. Orí àpáta ni ilẹ̀ wa wà, kì í ṣe ibi tó bá ṣáà wù yín lẹ máa gbẹ́ tí omi á jáde. Inú ẹ̀là àpáta ni omi wà. Ẹ pe ẹni tó ń fi ẹ̀rọ yẹ ilẹ̀ wò, kí ẹ sì sanwó rẹ̀ láìjanpata. Ẹ fi sókàwéè, ìyẹn kòtò tí omi ìdọ̀tí ń rì sí, jìnnà sí bóòhólù tó mítà 30, ó kéré tán. Kí ẹ tó gbẹ́ sókàwéè alára, ẹ gbẹ́ kòtò kékeré, ẹ da omi sí i, kí ẹ sì wo bó ṣe ń fà á sí. Lórí ilẹ̀ olókùúta, ó lè má fà á rárá.

Ìwé àṣẹ ìkọ́lé, ẹ gbà á kí ẹ tó fi ọkọ́ kan ilẹ̀. Kò gba àlàyé.

Owó wá ńkọ́? Ìparí ọdún 2023 ni mo ṣe ìṣirò iṣẹ́ ìyá. Ọbajana tí wọ́n ti ń ṣe sìmẹ́ńtì kò jìnnà sí Kàbà, mo sì fi ìyẹn tan ara mi jẹ pé sìmẹ́ńtì ò lè wọ́n wa. Ní oṣù kejì 2024, àpò kan kọjá 10,000 náírà ní ọ̀pọ̀ ibi. Ìjọba pe àwọn tó ń ṣe é jókòó, wọ́n sì fẹnu kò sí 7,000 sí 8,000, ṣùgbọ́n ẹni tó ti ra ti tirẹ̀ ti rà á ná. Owó tí àwọn ọmọ ìyá dá ò tó mọ́, ojú sì ti èmi tí mo fọwọ́ sí ìwé. Nísinsìnyí, mo ń kọ déètì sí ẹ̀gbẹ́ iye owó kọ̀ọ̀kan, mo sì ń sọ ọ́ lẹ́nu pé iye tòní ni o. Irin àti páànù, ẹ tètè rà wọ́n, wọn ò ní bàjẹ́ bí ẹ bá bò wọ́n dáadáa. Sìmẹ́ńtì, ẹ ra ìwọ̀nba tí ẹ fẹ́ lò, ẹ tò ó sórí pákó. Tó bá ti di òkúta nínú àpò, ọ̀gá kankan ò lè tún un ṣe. Ẹ má sì gbàgbé owó tó ń tẹ̀ lé ìkọ́lé: fíríjì ńlá, jẹnẹrétọ̀, àga, ìkòkò, owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ kí ọjà tó mọ́wọ́. Mo ti rí ilé oúnjẹ tó parí, tí kò sí owó iṣu.

Ohun kékeré kan tún nìyí. Ibi ìgbọ́kọ̀sí mẹ́rin ni mo yà fún ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́. Àwọn awakọ̀ tírélà sìmẹ́ńtì ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń jẹun níbẹ̀. Tírélà ò rí ibi yípo, ó kọjá lọ. A wó ọgbà òdòdó.

Oṣù kẹwàá ni a ṣílé, nítorí oṣù kejìlá ni ará ilé máa ń ti Èkó àti Àbújá wálé. Ẹ fi irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ṣe òpin, kí ẹ máa kà á padà sẹ́yìn: òrùlé gbọ́dọ̀ ti wà lórí kí òjò oṣù kẹrin tó bẹ̀rẹ̀. Èyí nìkan ni mo ṣe bó ṣe yẹ, mo sì ń fi í yangàn.

Yíyangàn náà ò ju ọjọ́ 27 oṣù kejìlá lọ. Ilé kún fọ́fọ́, omi ìfọ-àwo sì ń padà sókè. Ẹ mọ bí epo pupa ṣe máa ń dì lásìkò ọyẹ́; ó ti dì nínú páìpù. Kòtò ọ̀rá ni n kò ṣe. Kòtò kékeré ni, ògiri kan pín in sí méjì láti òkè, ó sì fi àyè sílẹ̀ nísàlẹ̀. Omi á wọ ìpín kìn-ín-ní, á tutù díẹ̀, epo á léfòó, omi á gba abẹ́ ògiri jáde lọ. Ẹnì kan á máa bu epo kúrò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ilẹ̀ ìdáná náà gbọ́dọ̀ dagẹ̀rẹ̀ sí ojú gọ́tà, sẹ̀ǹtímítà 2 nínú mítà kan. Ẹ da omi garawa kan sí i kí ẹ tó tẹ́ nǹkan kan, kí ẹ wo ibi tó ń lọ.

Níbo wá ni páìpù náà gbà? Pílọ́mbà ti kó lọ sí Ìsánlú, kò gbé fóònù. A fọ́ ilẹ̀ níbi mẹ́ta kí a tó rí i, níṣojú àwọn tó ń dúró de iyán. Fóònù wà lápò mi ní gbogbo ọjọ́ tó ń to páìpù yẹn. Ògiri tuntun ni mo ń yà, tí mo ń gbé sórí Facebook.

Ní Mọ̀pà, mo ya fọ́tò gbogbo ibi tí páìpù ti yí kọ́nà kí a tó da kọnkéré bò ó, mo fi téèpù ìwọ̀n sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kí nọ́ńbà hàn. Mo tẹ̀ wọ́n jáde, mo dì wọ́n sínú ọ̀rá, mo fún onílé. Ó bi mí pé kí lòun fẹ́ fi ṣe. Mo ní kó ṣáà fi í sábẹ́ káńtà.