Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣe ròdáàjì ẹ́ńjìnì ọkọ̀ yín kẹ́ ẹ tó kó èrò sí i

Ẹ̀yin tèmi tẹ́ ẹ ní ọkọ̀ lórí ọ̀sà Àjàṣẹ́ níbí, ọ̀rọ̀ ròdáàjì yìí, ìyẹn kéèyàn rọra lo ẹ́ńjìnì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tún ṣe fún wákàtí mélòó kan kí inú ẹ̀ fi bára mu, ti wà lọ́kàn mi tipẹ́. Mo ń rí i lọ́dọọdún. Wọ́n á tú ẹ́ńjìnì palẹ̀, wọ́n á ra pístìn tuntun (ohun tó ń lọ sókè sódò nínú sìlíǹdà) àti ríìngì tuntun (òrùka tó yí pístìn ká), wọ́n á gbé sìlíǹdà lọ fún tọnẹ́ẹ̀, oníṣẹ́ tó ń fi ẹ̀rọ gbẹ́ irin, kó bá wọn gbẹ́ inú ẹ̀, owó gidi á wọlé sí i, wọ́n á tò ó padà, ó dún, inú gbogbo èèyàn dùn, ọjọ́ kejì ni wọ́n ti kó àwọn ìyá ọlọ́jà àti àpò àgbàdo sínú ọkọ̀, wọ́n lọ́ gáàsì dé òpin láti Djassin títí dé Àgùégué. Kò ní í pẹ́ tí pístìn á fi há, wọ́n á wá ní tọnẹ́ẹ̀ ni ò mọṣẹ́, tàbí pé pístìn tí wọ́n rà kì í ṣe ojúlówó. Lọ́pọ̀ ìgbà kì í ṣe ẹjọ́ tọnẹ́ẹ̀ o. Wọn ò ṣe ròdáàjì ni.

Ẹ gbé sìlíǹdà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ́ sínú oòrùn kẹ́ ẹ wo inú ẹ̀. Tí wọ́n bá ṣe é dáadáa, ẹ máa rí ilà tíńtìntín tó dábùú ara wọn yí i ká látòkè délẹ̀, bí ẹní tí wọ́n hun. Àwọn ilà yẹn kì í ṣe àbùkù, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi sáńpépà nù wọ́n dànù. Inú wọn ni ọ́ìlì ń dúró sí, àwọn náà ló sì máa fá ríìngì díẹ̀díẹ̀ títí ara òun àti sìlíǹdà á fi bára mu. Ní wákàtí àkọ́kọ́, ibi tó yọ gọngọ nìkan ni wọ́n fi ń kan ara wọn, ibẹ̀ sì máa ń gbóná gan-an. Pístìn yìí, alumíníọ́ọ̀mù ni, sìlíǹdà sì jẹ́ irin, tí iná bá mú wọn pístìn ló máa kọ́kọ́ wú. Tẹ́ ẹ bá wá lọ́ gáàsì dé òpin nígbà yẹn, pístìn á wú ju ààyè ẹ̀ lọ, ó parí nìyẹn.

Àmọ́ ẹ má fi ìyẹn wá bẹ̀rù kẹ́ ẹ máa gẹ̀ ẹ́ jù náà. Iná tó ń jó lórí pístìn ló ń wọ ẹ̀yìn ríìngì, òun ló ń tì í mọ́ ara sìlíǹdà. Tí ẹ́ńjìnì ò bá gbé nǹkan kan, agbára tó máa ti ríìngì ò sí. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi gba ti àwọn tó máa so ẹ́ńjìnì mọ́ dírọ́ọ̀mù omi, tí wọ́n á tàn án sílẹ̀ láàárọ̀ kó máa rọra dún títí ilẹ̀ á fi ṣú, wọ́n ní ròdáàjì làwọn ń ṣe. Ọ́ìlì á jóná mọ́ ara sìlíǹdà, ara ẹ̀ á máa dán bíi dígí, ríìngì ò ní rí ibi tó máa dì mú mọ́, ẹ́ńjìnì yẹn ò sì ní lágbára láé àfi tẹ́ ẹ bá tún un tú. Inú dírọ́ọ̀mù, ẹ kàn fi wò ó bóyá omi ń jáde àti bóyá ó ń jò ni, kẹ́ ẹ pa á. Orí ọ̀sà la ti ń ṣe ròdáàjì.

Bí ìwé Yamaha ṣe là á sílẹ̀ fáwọn ẹ́ńjìnì aládàlù bí Enduro, àwọn tí wọ́n ń da ọ́ìlì pọ̀ mọ́ ẹ̀sáǹsì wọn, èmi ò rí ọ̀nà tó dáa jù ú lọ. Wákàtí kìíní, ìdajì gáàsì ni, nǹkan bí 2000 tọọ́ù (iye ìgbà tí ẹ́ńjìnì ń yí po) ní ìṣẹ́jú kan. Wákàtí kejì, ẹ gbé e dé bíi 3000, ìyẹn ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin gáàsì. Lẹ́yìn ìyẹn, wákàtí mẹ́jọ míì tẹ́ ẹ lè máa lọ́ ọ dé òpin lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, àmọ́ kó má ju ìṣẹ́jú 5 lọ kẹ́ ẹ tó dín in kù. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ wa ò ní ohun tó ń ka tọọ́ù, ẹ fi sàmì sára ọwọ́ gáàsì, bóyá péńtì funfun. Kẹ́ ẹ sì máa yí i padà, ẹ gbé e sókè díẹ̀, ẹ rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, ẹ má fi sójú kan. Èèyàn méjì mẹ́ta nínú ọkọ̀ ti tó. Kì í ṣe ìgbà yẹn lẹ máa lọ kó yanrìn o.

Ọ́ìlì ńkọ́? Ní gbogbo wákàtí mẹ́wàá yìí, lítà kan sí lítà ẹ̀sáǹsì 25. Bídọ́ọ̀nù ńlá tí gbogbo wa ní nílé yẹn, lítà 25 ni, torí náà lítà ọ́ìlì kan gééré ni tiẹ̀. Tí ròdáàjì bá parí ó di ìdajì lítà. Ẹ kọ́kọ́ da ẹ̀sáǹsì díẹ̀ sí i, ẹ da ọ́ìlì lé e, ẹ mì ín dáadáa, kẹ́ ẹ tó wá da ìyókù. Ẹ má fojú wọ̀n ọ́n, ẹ má sì ní torí pé ẹ fẹ́ràn ẹ́ńjìnì kẹ́ ẹ wá sọ ọ́ di ìlọ́po méjì: ọ́ìlì yẹn á gba ààyè ẹ̀sáǹsì, iná á máa gbóná jù, pọ́lọ̀ọ̀gì, ohun tó ń ṣáná sí epo, á sì máa kú. Kẹ́ ẹ wo ara gọ́lọ́ọ̀nù, TC-W3 ló gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, ọ́ìlì tí àwọn onízẹ́mì (ọlọ́kadà wa) ń lò kì í ṣe ti ẹ́ńjìnì tí omi ń tù lára. Ní ti kpayo, ẹ̀sáǹsì tí wọ́n ń tà lẹ́bàá ọ̀nà, mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ìdílé ló ń jẹun níbẹ̀, mi ò bá ẹnikẹ́ni jà, àmọ́ fún ìgbà ròdáàjì yìí ẹ lọ ra ẹ̀sáǹsì ní ibùdó epo. Omi díẹ̀ tàbí kẹrosíìnì díẹ̀ nínú epo ti tó láti ba pístìn tuntun jẹ́.

Tẹ́ ẹ bá ti wà lórí omi, ojú yín kó wà lára omi tó ń tú jáde lẹ́yìn ẹ́ńjìnì. Ẹ tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ sí i. Tó bá lọ́ wọ́ọ́rọ́, ó dáa. Tó bá gbóná débi tẹ́ ẹ fi ń fa ọwọ́ sẹ́yìn, tàbí tí kò tú mọ́, ẹ pa á lójú ẹsẹ̀, koríko orí omi tàbí ọ̀rá ti dí ibi tó ti ń fa omi, nígbà tí omi bá kún báyìí ó wọ́pọ̀ gan-an. Etí náà ní iṣẹ́ tiẹ̀. Ẹ̀gbọ́n kan tí mo bá lọ gbìyànjú ọkọ̀ rẹ̀ sọ fún mi pé, “Àbúrò, ó dà bíi pé ó ń rẹ̀ ẹ́, jẹ́ kí n fi gáàsì kún un.” Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ dín in kù kíá.” Tí ìró ẹ́ńjìnì bá ń lọ sílẹ̀ fúnra ẹ̀, tẹ́nì kankan ò fọwọ́ kan gáàsì, pístìn ti ń fẹ́ há nìyẹn. Ẹ dín in kù, ẹ pa á, ẹ jẹ́ kó tutù, kẹ́ ẹ wá ohun tó fà á kẹ́ ẹ tó tún tàn án.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní jẹ́ẹ̀tì-síkì tú-sítírókù (irú ẹ́ńjìnì tó ń jó ọ́ìlì pọ̀ mọ́ ẹ̀sáǹsì) tí ọ́ìlì ẹ̀ ní pọ́ǹpù tiẹ̀, ẹ ṣì da ọ́ìlì sínú ẹ̀sáǹsì táǹkì àkọ́kọ́, lítà kan sí 50, torí atẹ́gùn lè wà nínú ọ̀pá pọ́ǹpù yẹn. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi omi ẹ̀rọ fọ inú ẹ̀ lórí ilẹ̀, ẹ tan ẹ́ńjìnì kẹ́ ẹ tó ṣí omi, kẹ́ ẹ sì ti omi kẹ́ ẹ tó pa á, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ omi á kún sìlíǹdà. Ti ẹ́ńjìnì ẹ̀yìn ọkọ̀ yàtọ̀: ẹ ṣí omi ná kẹ́ ẹ tó tàn án. Ní ọ̀gbẹlẹ̀, iyọ̀ òkun máa ń gba ọ̀nà Kútọnu wọ inú omi wa, torí náà fífọ̀ yẹn ṣe pàtàkì.

Tí wákàtí mẹ́wàá bá pé, ẹ jẹ́ kó tutù pátápátá, ẹ wo bóòtù orí sìlíǹdà bóyá ó ti tú díẹ̀, kẹ́ ẹ sì yọ pọ́lọ̀ọ̀gì. Tó bá dúdú díẹ̀ ẹ má dààmú, ọ́ìlì pọ̀ nígbà ròdáàjì. Tó bá funfun ni kẹ́ ẹ dúró, afẹ́fẹ́ ń wọlé níbì kan, ẹ wo gásíkẹ́ẹ̀tì àti síìlì kírááńkì (rọ́bà tó dí ẹ̀gbẹ́ ọ̀pá tó ń yí nínú ẹ́ńjìnì) kẹ́ ẹ tó bọ́ sí lítà ọ́ìlì kan sí lítà ẹ̀sáǹsì 50.