Àkókò tí mo fi kún un ló ń ba àwòrán mi jẹ́

Ọjọ́ Ẹtì tó kọjá ni mo tó rí àwòrán tí mo ti ń wá láti oṣù kẹta ọdún yìí. Mo fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀ báyìí tí ó ṣì ń dùn mí, torí mo mọ ara mi: bí inú mi bá dùn tán, màá gbàgbé.

Ẹ̀yin tí ẹ ń fi grating mẹ́ta (àwo pẹlẹbẹ tí wọ́n fín ìlà tíntìntín sí lára) ya àwòrán X-ray mọ ohun tí ojú wa ń rí. Iṣan, ọ̀rá àti egungun rírọ̀ inú oríkèé ń gbé X-ray mì ní ìwọ̀n tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, ìdí nìyẹn tí ìyàtọ̀ wọn kì í fi hàn dáadáa nínú fọ́tò X-ray ilé ìwòsàn. Àmọ́ wọ́n máa ń tẹ ìtànṣán náà, títẹ̀ yẹn la sì ń wá. Ó kéré ju kí nǹkan rin kìlómítà 1 kó sì fi mìlímítà 1 péré yẹ̀ lójú ọ̀nà. Ẹ̀rọ ńlá tó ń pèsè X-ray alágbára, bíi ti Grenoble nílẹ̀ Faransé, ni wọ́n ń lò fún ọ̀nà grating yìí tẹ́lẹ̀, kó tó di pé Franz Pfeiffer àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní Swítsálándì fi hàn lọ́dún 2006 pé tí a bá fi grating kan sí i síwájú ẹ̀rọ X-ray lásán, ó ṣeé ṣe nínú yàrá ìwádìí kékeré. Iṣẹ́ yẹn ló gbé mi dé Jámánì.

Àwòrán tèmi rí wóróworo bí ìgbà tí èèyàn da gaàrí sí i. Oògùn tí mo mọ̀ ni kí n fi kún àkókò, kí fótọ̀nù, ìyẹn ẹyọ ìtànṣán X-ray tó ń dé ojú ẹ̀rọ, pọ̀ sí i. Wákàtí 2 di 4, 4 di 9. Mo tún gbé iná ẹ̀rọ náà láti 40 kV (kílófóòtì) sí 60 kV.

Oṣù tó kọjá, ọ̀gá mi ní àlejò ń bọ̀ láago mẹ́wàá àárọ̀ wá wo iṣẹ́ wa. Apá adìẹ ni mo gbé síbẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ láago mẹ́sàn-án alẹ́, mo sì jókòó tì í títí ilẹ̀ fi mọ́. Aago mẹ́fà kọjá díẹ̀ ni kọ̀ǹpútà gbé àwòrán jáde. Ìlà ló bò ó látòkè délẹ̀, dúdú, funfun, dúdú, funfun, bí aṣọ òfì. Mi ò rí oríkèé apá adìẹ náà rárá. Mo tún un ṣírò lẹ́ẹ̀mẹta, ìlà náà kò lọ. Kò sí àyè láti ya òmíràn, èyí náà ni mo fi hàn wọ́n. Ọ̀gá mi wò ó pẹ́, ó ní, “Ṣé o to ẹ̀rọ yìí rárá?” Níwájú àlejò! Mo jáde lọ jókòó sórí àtẹ̀gùn. Ibẹ̀ ni ìpè ìyá mi ti bá mi. Wọ́n ní, “Ṣé dáadáa lo wà, ọmọ mi?” Mo ní, “Dáadáa ni, mà.” Ohùn mi kò jọ ọ́.

Bàbá kan tó ń rọ irin nísàlẹ̀ ilé wa ló là mí lójú. Ó fọwọ́ kan apá tó gbé grating àárín dúró, ó ní irin nìyí. Ó kan ti ìkẹta, ó ní alumíníọ́mù nìyí. Ìkọ̀ọ̀kan gùn ní 20 sẹ̀ntímítà. Tí ooru yàrá bá fi dígírì 1 lọ sílẹ̀, alumíníọ́mù yẹn á sún kì ní nǹkan bíi 4.6 máíkírọ́mítà (máíkírọ́mítà 1 jẹ́ ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún mìlímítà), irin á sún kì ní 2.4. Ìyàtọ̀ wọn lé ní 2, bẹ́ẹ̀ máíkírọ́mítà 5 ni ìlà grating mi fi jìnnà síra. Ìlà wọn ò wá bára mu mọ́, òun ló di ìlà tó bo àwòrán mi. Láago mẹ́wàá alẹ́ ni wọ́n sì ń dín ẹ̀rọ amúlégbóná kù.

Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́, òun gan-an ni mo tìtorí ẹ̀ kọ èyí: ẹ má fi kún àkókò títí tí ẹ ó fi mọ̀ pé ẹ̀rọ yín dúró jẹ́ẹ́. Kí wóróworo tó dín sí ìdajì, àkókò ní láti di ìlọ́po 4, ẹ̀rọ tó ń sún á sì ti sún jìnnà láàárín àkókò yẹn. Ẹ ya àwòrán òfìfo, tí kò sí nǹkan kan níwájú ẹ̀rọ, lẹ́ẹ̀mejì, kí wákàtí 2 wà láàárín wọn, kí ẹ yọ ọ̀kan kúrò nínú èkejì. Bí ìlà bá hàn, ẹ gbàgbé ọ̀rọ̀ fótọ̀nù ná.

Èkejì ni ìyàtọ̀ láàárín ìlà tó mọ́lẹ̀ àti èyí tó ṣókùnkùn tí àwọn grating fúnra wọn ń yọ, tí a ń pè ní visibility. Ní 60 kV, fótọ̀nù mi pọ̀, àmọ́ visibility mi jẹ́ 11% péré, torí wọn kò ṣe grating mi fún agbára tó ga tó bẹ́ẹ̀. Mo dá a padà sí 40, ó di 19%. Ìyẹn nìkan tó fífi àkókò ṣe ìlọ́po 3. Ẹ má sọ pé mi ò kàwé. Mo kà á, mo tiẹ̀ kọ ọ́ sínú ìwé ìwádìí mi. Ìdààmú ni kò jẹ́ kí n rántí.

Ẹ máa ya àwòrán òfìfo ní gbogbo ogún ìṣẹ́jú, ẹ má ṣe é ní ìbẹ̀rẹ̀ nìkan. Ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ tó ń sún náà ni, mo mọ̀, mò ń tún un sọ. Ẹ sì gbé ohun tí ẹ ń yà sún mọ́ grating àárín. Bó bá ṣe jìnnà sí i ni títẹ̀ náà á ṣe máa fara pamọ́. Àyè tó há ló jẹ́ kí tèmi jìnnà.

Bàbá yẹn rọ apá méjèèjì láti ara irin kan náà, mo fi fóòmù ṣe àpótí bo gbogbo rẹ̀. Lọ́jọ́ Ẹtì, láàárín wákàtí 2, etí egungun rírọ̀ apá adìẹ hàn kedere. Mo gbé e lọ han bàbá náà kí n tó fi ránṣẹ́ sí ọ̀gá mi. Lálẹ́ òní mo ti tan ẹ̀rọ kó gbóná sílẹ̀. Ooru inú àpótí jẹ́ dígírì 22.1, kò yí padà láti aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́.