Àpò 40, Wágọ́nù 20: Èbúté Missabe Tí Mo Ń Kàn Lábẹ́ Ilé

12 Oṣù Kẹwàá

Èbúté kékeré, àfarawé èbúté rélùwéè gidi kan, tí mo fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gé, tí mo lẹ̀ pọ̀, tí mo fi sáńpépà ha títí ó fi jọ̀lọ̀, àná ni mo fọ́ ọ sínú àpò ìdọ̀tí. Mílímítà kan ló fà á.

Duluth, Missabe and Iron Range ni rélùwéè tó ń kó irin tútù, ìyẹn òkúta tí wọ́n ń yọ irin nínú rẹ̀, láti ibi ìwakùsà Mesabi ní àríwá Minnesota wá sí etí adágún Superior. Èbúté wọn kì í ṣe pẹlẹbẹ. Afárá gbọọrọ ni, ó lé ní 80 ẹsẹ̀ bàtà sókè omi, ọkọ̀ ojú irin ló sì ń gun orí rẹ̀. Abẹ́ ojú irin ni àwọn àpò wà. Wágọ́nù á ṣí ìsàlẹ̀ ikùn rẹ̀, òkúta á já sínú àpò. Láti inú àpò, gọ́tà irin á sọ̀ kalẹ̀ sí ẹnu ọkọ̀ ojú omi, òkúta á sì yọ̀ wọlé fúnra rẹ̀ bí ẹ̀wà tí wọ́n dà láti inú igbá.

Ohun tó dùn mọ́ mi níbẹ̀ ni pé ìwọ̀n kan ṣoṣo ni wọ́n fi gbé gbogbo rẹ̀ kalẹ̀. Ẹsẹ̀ bàtà 12 ló wà láàárín àpò kan sí èkejì. Wágọ́nù gùn ní 24. Ihò ẹnu ọkọ̀ ojú omi jìnnà síra ní 24. Tí wágọ́nù bá tò sórí èbúté, kálukú á bá àpò tirẹ̀, wọn á fo ọ̀kan láàárín. Bí wọ́n bá sún ọkọ̀ ojú irin síwájú ní ẹsẹ̀ bàtà 12, èyí tí wọ́n fò náà á rí tirẹ̀ gbà.

Ní òṣùwọ̀n HO tí mo ń lò, níbi tí mílímítà kan ti dúró fún 87, ẹsẹ̀ bàtà 12 jẹ́ mílímítà 42. Èmi gé e sí 43. Pẹ́ńsù mi ló ki, mo sì ń gé lẹ́yìn ìlà dípò orí ìlà. Wágọ́nù àkọ́kọ́ bá àpò rẹ̀ mu rẹ́gí. Nígbà tó fi máa dé ìkọkànlá, ikùn wágọ́nù ti jókòó sórí ògiri tó wà láàárín àpò méjì. Ogún ni mo tò. Èyí tó gbẹ̀yìn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ máa da òkúta sínú àpò aládùúgbò.

Ìyàwó mi sọ̀ kalẹ̀ wá wò ó. "Bàbá Ìbejì, ẹ kúkú jẹ́ kí àwọn ọmọ máa fi gbá bọ́ọ̀lù." Mi ò dáhùn.

19 Oṣù Kẹwàá

Mo ti tún un gé. Mi ò fi rúlà wọn ohunkóhun mọ́ báyìí. Mo gé irin pẹlẹbẹ kan sí mílímítà 42 géérégé, òun ni mo ń gbé sáàárín àpò kan sí èkejì, bí ẹni tó ń fi igbá kan ṣoṣo wọn gàrí. Bí àṣìṣe bá tilẹ̀ wà, kò ní lè kó ara rẹ̀ jọ.

Èbúté kẹfà ní Duluth, èyí tí mò ń wò ṣe tèmi, gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 2,304, ó sì ní àpò 384 ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Tí mo bá fẹ́ ṣe é láìdín, yóò gùn ju mítà 8 lọ. Ògiri mi kò tó mítà 4. Mo rí àwọn tó ń fún àpò mọ́ra kí èbúté wọn lè kún fún àpò. Èmi ò gbà. Ẹ gé gígùn rẹ̀ kúrú bó ṣe wù yín, ẹ má fọwọ́ kan àlàfo yẹn. Àpò 40 ní ẹ̀gbẹ́ kan ni mo fi mọ, ìyẹn mítà 1.68, wágọ́nù 20 sì kún un pátápátá.

Wàhálà kékeré kan wà lára ìkọ́ tó ń so wágọ́nù pọ̀. Ìkọ́ inú páálí máa ń tóbi ju bó ṣe yẹ lọ, ó ń tì wọ́n jìnnà síra. Mo gé ìdí ìkọ́ kọ̀ọ̀kan, mo sì tì í wọlé títí tí wágọ́nù méjì fi jẹ́ 168 lórí tábìlì. Ogójì ìkọ́. Ojú mi rí màbo.

26 Oṣù Kẹwàá

Ọdún wo ni kí n fi ṣe é? Ọdún 1998 ni mo dé Duluth, ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì tí wọ́n kùn ní pupa rẹ́súrẹ́sú àti ìyeyè ni mo bá, mo sì rò pé bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa wà títí láé. Ní 2004, Canadian National rà wọ́n. Nígbà tí 2011 parí, wọ́n ti yí rélùwéè náà mọ́ Wisconsin Central tí wọ́n ní. Ojú irin ṣì wà níbẹ̀, òkúta ṣì ń kọjá. Orúkọ ló lọ. Ó máa ń ṣe mí bíi ti ilé tí mo mọ onílé rẹ̀, tí ẹlòmíì wá ń jáde láti ẹnu ọ̀nà.

Kò kúkú jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́. Àwọn ọmọ ìyá Merritt tó rí irin tútù ní Mountain Iron ní 1890 ló dá apá Missabe sílẹ̀. Ọ̀dá owó 1893 gbé e kúrò lọ́wọ́ wọn sọ́wọ́ Rockefeller, nígbà tó di 1901 ó ti bọ́ sọ́dọ̀ U.S. Steel. Orúkọ tí mo mọ̀ yìí gan-an, 1937 ni wọ́n fún un.

Bàbá kan ládùúgbò mi, tó ti lé ní ẹni ọdún 85, ṣiṣẹ́ lórí èbúté yẹn nígbà ọ̀dọ́ rẹ̀. Mo ní, "Bàbá, 1959 ni mo fẹ́ fi ṣe."

Ó rẹ́rìn-ín. "1959 kẹ̀? Ọdún tá a jókòó sílé? Ọkọ̀ wo lo fẹ́ kó máa rìn?"

Òótọ́ ni. Ní 15 Oṣù Keje ọdún yẹn, àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ irin jákèjádò Amẹ́ríkà daṣẹ́ sílẹ̀ fún ọjọ́ 116. A bá mú 1957, ọdún tí bàbá fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Dísẹ́ẹ̀lì ti dé nígbà náà, ẹ́ńjìnnì eléèédú kò sì tíì lọ.

Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó dúró lórí èbúté pẹ̀lú ọ̀pá gígùn. Irin tútù tó bá ti mu omi kì í fẹ́ já; ó máa ń lẹ̀ mọ́ ikùn wágọ́nù bí ẹ̀kọ tó jóná mọ́ ìdí ìkòkò. Wọn á máa gún un títí yóò fi wó. Tí òtútù bá dé, tí òkúta dì gbagidi, wọn á kọ́kọ́ fi ooru omi gbígbóná yọ́ ọ. Ó fa ìgbálẹ̀ mi yọ, ó fi hàn mí: ọwọ́ òsì lókè, orúnkún títẹ̀, ojú kì í kúrò níbi tí ẹsẹ̀ wà. Àwọn èèyàn kékeré mẹ́fà tí mo ti lẹ̀ mọ́ orí èbúté dúró ṣánṣán bíi sójà. Mo fi abẹ gé orúnkún gbogbo wọn, mo tẹ̀ ẹ́, mo tún un lẹ̀.

9 Oṣù Kọkànlá

Yellowstone dé, ẹ́ńjìnnì eléèédú tí yóò máa fa wágọ́nù mi. Dọ́là 420, àlòkù. Ẹ má sọ fún Ìyá Ìbejì.

Méjìdínlógún péré irú rẹ̀ gidi ni ilé iṣẹ́ Baldwin ṣe fún rélùwéè Missabe, mẹ́jọ ní 1941, mẹ́wàá ní 1943. Ọ̀wọ́ àgbá ẹsẹ̀ ńlá méjì ló ní lábẹ́ ikùn kan ṣoṣo, mẹ́jọ níwájú, mẹ́jọ lẹ́yìn. Mẹ́ta ló kù láyé: nọ́ńbà 225 ní Proctor, 227 nínú mùsíọ́mù rélùwéè ní Duluth, 229 ní Two Harbors. Mo ti dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ 227 rí. Orí mi kò ga ju àgbá ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ lọ́nà tó ṣe é fọ́nnu.

Tèmi fẹ́rẹ̀ẹ́ gùn tó sẹ̀ǹtímítà 45. Mo gbé e sórí irin, ó lọ wẹ́rẹ́ títí ó fi dé ibi tí ọ̀nà ti yí. Iwájú ikùn rẹ̀ kì í tẹ̀. Ńṣe ló yọ síta kúrò lórí irin, ó kọlu òkè tí mo fi páálí ṣe, ó sì dojú dé. Àtẹ̀gùn kékeré kan já lára rẹ̀. Mo ti tú ibi tó yí yẹn, mo fẹ̀ ẹ́ láti 56 sí 76 sẹ̀ǹtímítà, láti àárín òbìrí dé orí irin. Òkè náà ti di àfọ́kù. Dídà tí ọ̀nà ń dà láti Proctor sí èbúté ni mi ò fọwọ́ kàn: sẹ̀ǹtímítà 2.2 nínú mítà kọ̀ọ̀kan, bó ṣe wà gan-an.

17 Oṣù Kọkànlá

Ọ̀dà. Ìyẹ̀fun pupa ni mo fi búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ rọ́ mọ́ gbogbo nǹkan, irin, pákó, bàtà àwọn èèyàn kékeré. Bàbá ní kò tíì tó. Ó ní nígbà náà, tí èèyàn bá ti orí èbúté sọ̀ kalẹ̀, bí ẹni tí wọ́n fi osùn kùn ló rí, aṣọ tí wọ́n bá fọ̀ pọ̀ mọ́ tiẹ̀ náà á pupa.

Mo ní kóró taconite méjì nínú ìgò, tí mo ṣà lẹ́bàá ojú irin nígbà kan. Wọn ò ju ọmọ ayò lọ. Ìgbà tí òkúta tó kún fún irin ń tán lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì ni taconite gorí àga. Òkúta líle ni, irin inú rẹ̀ kò pọ̀. Edward Davis ti Yunifásítì Minnesota fi ọ̀pọ̀ ọdún wá ọ̀nà láti lọ̀ ọ́ kúnná, kí wọ́n fi mágnẹ́ẹ̀tì ṣa irin inú rẹ̀, kí wọ́n sì sun ún di kóró. Mo gún ọ̀kan nínú odó ata kékeré. Odó ló kọ́kọ́ sán. Ìyẹ̀fun rẹ̀ pupa ju kóró fúnra rẹ̀ lọ, mo sì bù ú mọ́ ti búrọ́ọ̀ṣì.

Kóró fúyẹ́ ju irin tútù lọ, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi fi irin gbé ògiri wágọ́nù ga sí i nígbà tó yá. Mẹ́jọ nínú wágọ́nù tí mo rà ló ní ògiri gíga yẹn. Ọdún 1957 kò mọ̀ wọ́n rí. Mo fi ayùn tín-ín-rín gé e kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan.

1 Oṣù Kejìlá

Bàbá wá lálẹ́ àná. Mo fi Yellowstone ti wágọ́nù 20 gun èbúté díẹ̀díẹ̀, mo dúró. Àwa méjèèjì kúnlẹ̀, a ń fi tọ́ọ̀ṣì wò ó láti ìsàlẹ̀. Ogún ilẹ̀kùn, ogún àpò. Kò sí èyí tó gun ògiri.

Kò sọ nǹkan kan nípa ìyẹn. Ilé kékeré tó wà lórí èbúté ló nawọ́ sí. Mo fún un ní awò tó ń sọ nǹkan di ńlá. Mo ti lẹ kàlẹ́ńdà kan mọ́ ògiri inú rẹ̀, kò tó ìdajì èékánná: Oṣù Kẹfà 1957, oṣù tó sọ pé òun kọ́kọ́ gun òkè yẹn. Ó pẹ́ kó tó gbé ojú kúrò.

"Ọjọ́ Ajé ni," ó ní. "Ọjọ́ kẹta."

Mo ti wá abẹ́rẹ́ tó tín-ín-rín jù nínú ilé. Lọ́la ni màá fi ọ̀dà pupa yí 3 ká.