Odumase-Krobo: Níbi Tí Ìgò Ti Ń Di Ìlẹ̀kẹ̀

Láti Accra, trotro, ìyẹn ọkọ̀ akérò kékeré, tó ń lọ Somanya tàbí Kpong ni ẹ máa wọ̀. Odumase ni ìlú àwọn Manya Krobo, ní apá ìlà-oòrùn Gánà, iṣẹ́ ìlẹ̀kẹ̀ sì wà lára ohun tí gbogbo ènìyàn mọ̀ wọ́n mọ́. Ọjọ́rú àti ọjọ́ Àbámẹ́ta ni wọ́n ń ná ọjà Agomanya tó wà nítòsí, àmọ́ ibi tí wọ́n ti ń ṣe ìlẹ̀kẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ. Ẹni tó ti rí bí wọ́n ṣe ń ṣe é ló máa mọ ohun tó yẹ kó wò kó tó sanwó.

Ìgò àlòkù ni wọ́n fi ń ṣe é: ìgò bíà, ìgò oògùn, gíláàsì fèrèsé pàápàá. Wọ́n á fọ̀ ọ́ mọ́, wọ́n á gún un nínú odó irin, wọ́n á sì jọ̀ ọ́ títí yóò fi kúnná bí èlùbọ́. Ẹni tó mọṣẹ́ kì í kàn da ìgò oríṣi méjì pọ̀, torí wọn kì í sún kì bákan náà bí wọ́n bá ń tutù, ìlẹ̀kẹ̀ á sì sán. Àwọ̀ tí ìgò kò bá ní, àwọ̀ lẹ́búlẹ́bú tó lè fara da iná ni wọ́n ń pò mọ́ ọn.

Àwo amọ̀ tó ní ihò wẹ́wẹ́ ni wọ́n ń rọ ọ́ sí. Wọ́n á kọ́kọ́ fi omi efun ra inú ihò náà yíká. Bí efun bá fo ibì kan, ibẹ̀ ni gíláàsì máa lẹ̀ mọ́, àfi kí wọ́n fọ́ àwo kí wọ́n tó lè yọ ọ́. Lẹ́yìn náà ni igi ewé ẹ̀gẹ́. Wọ́n á gé e kékeré, wọ́n á nà án ró sí àárín ihò kọ̀ọ̀kan, wọ́n á wá rọ lẹ́búlẹ́bú yí i ká, wọ́n á máa fi ọwọ́ gbá àwo náà kí ó lè kì. Nínú iná, igi yẹn á jó di eérú, àyè rẹ̀ ni okùn máa gbà kọjá. Bí igi bá wọ́ díẹ̀, ìlẹ̀kẹ̀ á wọ́ lọ́rùn ẹni tó bá wọ̀ ọ́, kò sì sí àtúnṣe.

Amọ̀ òkìtì ọ̀gán ni wọ́n fi ń mọ iléru, torí ó ń gba iná dáadáa. Ooru inú rẹ̀ máa ń tó nǹkan bí 800 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Èyí tí iṣẹ́ rẹ̀ wù wá jù ni ìlẹ̀kẹ̀ tó mọ́ gaara. Àfọ́kù ìgò ni wọ́n ń kó sínú àwo fún un, kò sí igi ẹ̀gẹ́. Bí ó bá ti yọ́, tí ó ṣì pọ́n yòò, oníṣẹ́ á fi irin ṣóńṣó kan dá a lu, á fi òmíràn dì í mú, á sì máa yí i nínú ihò rẹ̀ títí yóò fi rí roboto. Kò gbọdọ̀ jáfara, torí kíá ni gíláàsì ń le. Bí ó bá ti le, iná ló tún ń padà sí. Bákan náà, ìlẹ̀kẹ̀ tí wọ́n bá kánjú gbé sí atẹ́gùn á là.

Orí òkúta ni wọ́n ti ń fi iyanrìn àti omi ha á kí ó lè dán. Ẹnu ihò ni kí ẹ wò níbí. Ẹ fi ìka yín kàn án: bí ó bá mú, á gé okùn yín láìpẹ́, bó ti wù kí àwọ̀ rẹ̀ dára tó. Ẹ gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀ kí ẹ yojú wo inú ihò, torí efun tó ṣẹ́kù síbẹ̀ á máa ku sára aṣọ.

Bí ẹ bá fẹ́ kí wọ́n ṣe é fún yín lọ́tọ̀, bóyá fún ìyàwó tàbí fún bèbè, ẹ mú okùn tí ẹ máa fi sín in dání kí wọ́n lè fi wọn ihò. Ẹgbà ọrùn tó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 45 máa ń gba nǹkan bí ìlẹ̀kẹ̀ 45 tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn tó sẹ̀ǹtímítà kan. Ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n ṣe é lé ní mẹ́fà tàbí méje, kí wọ́n sì lo ìgò kan náà fún gbogbo rẹ̀, torí èyí tí wọ́n bá ṣe lọ́jọ́ mìíràn, àwọ̀ rẹ̀ lè má bá tàkọ́kọ́ mu.