Ohun tí tíṣà àjèjì ń jẹ ní Japan

Tí mo bá ti ní Japan ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì, ohun táwọn èèyàn á kọ́kọ́ bi mí ni pé ṣé ẹja tí wọn ò sè ni mò ń jẹ láàárọ̀ lálẹ́. Rárá o jàre. Lọ́jọ́ ilé-ìwé, ohun tọ́mọ bá jẹ ni tíṣà ń jẹ, inú kíláàsì náà la ti ń jẹ ẹ́, orúnkún mi ò sì gba abẹ́ tábìlì wọn. Kyūshoku ni wọ́n ń pè é.

Kò sí ìyá olóúnjẹ kankan tó máa wá bù ú fún yín o. Àwọn ọmọ tó kàn lọ́sẹ̀ yẹn á wọ aṣọ funfun, wọ́n á dé fìlà, wọ́n á fi ìbòmú bo ẹnu, wọ́n á lọ gbé ìkòkò ọbẹ̀ àti ìrẹsì wá, ọmọ kékeré á mú ìgbakọ dání, á máa fojú wọn ọbẹ̀ kó má bàa tán kó tó kan ẹni ìkẹyìn, àfi tí gbogbo kíláàsì bá jókòó tán tí wọ́n pa àtẹ́lẹwọ́ pọ̀ tí wọ́n sì jọ pariwo "itadakimasu", ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ kí wọ́n tó jẹun, lẹnikẹ́ni tó lè fẹnu kan nǹkan. Ká tó débẹ̀ gan-an, ọ̀gá ilé-ìwé ti jẹ tiẹ̀, òun ló máa ń kọ́kọ́ tọ́ ọ wò bóyá ó dáa. Òfin yẹn tẹ́ mi lọ́rùn gan-an, tí oúnjẹ bá máa run èèyàn nínú, kó ti ara ọ̀gá bẹ̀rẹ̀.

Mílíìkì ni mi ò tíì gbà fún wọn. Ìrẹsì, ẹja yíyan, ọbẹ̀ miso tí wọ́n fi ẹ̀wà sóyà kíkan sè, wọ́n á wá gbé páálí mílíìkì tútù mílílítà 200 tì í! Ẹ má rò pé àjèjì ló ń ṣe mí o, nígbà tó di 2014, ìlú Sanjō ní ìpínlẹ̀ Niigata náà dán an wò, wọ́n yọ mílíìkì kúrò nídìí oúnjẹ torí wọ́n ní òun àti ìrẹsì ò bára mu.

Ti nattō ńkọ́? Ẹ̀wà sóyà tí wọ́n sè tí wọ́n sì jẹ́ kó kan, tó ń fà tó ń yọ̀, mọ̀lẹ́bí irú ni pátápátá, àwọn ọmọ á máa wo ẹnu mi pé sensei, ìyẹn tíṣà wọn, máa pọ̀ ọ́, mo jẹ ẹ́ tán, ojú tì wọ́n.

Tí nǹkan dídùn bá ṣẹ́kù, bóyá ẹnì kan ò wá, janken ni wọ́n fi ń du ú, eré ọwọ́ òkúta, pépà, sísọ́ọ̀sì. Ariwo ibẹ̀ ju ti pápá lọ. Wọn kì í sì bọ̀wọ̀ fún tíṣà níbẹ̀ o, èmi ò tíì jẹ ẹ̀ rí.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń bọ̀, pàápàá ẹ̀yin Mùsùlùmí, ẹlẹ́dẹ̀ pọ̀ nínú oúnjẹ wọn. Oṣooṣù ni wọ́n ń pín ìwé tó sọ ohun tí wọ́n máa sè, ẹ ní kí tíṣà ẹgbẹ́ yín fi àmì ẹlẹ́dẹ̀ hàn yín lára ẹ̀, kẹ́ ẹ sì tètè sọ ọ́ ní April tí sáà tuntun bá ń wọlé. Ẹ lè máa gbé bentō, ìyẹn oúnjẹ inú abọ́, tiyín wá látilé.