Àtàǹpàkò Sókè Kì í Ṣe "Ó Dáa" Lábẹ́ Omi

Ọjọ́ Sátidé, ilẹ̀ ti ṣú.

Ara ń ro mí, etí mi ọ̀tún ṣì ń dún, ó sì yẹ kí n ti sùn torí òkun là ń lọ láàárọ̀ ọ̀la, àmọ́ oorun ò kùn mí rárá. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lónìí ló gbà mí lọ́kàn. Èmi àti ẹnìkejì mi tá a jọ ń kọ́ṣẹ́ wà nísàlẹ̀ adágún tí wọ́n ti ń kọ́ wa bí wọ́n ṣe ń gbé sílíńdà afẹ́fẹ́ wọ abẹ́ omi, kò ju mítà 4 lọ, ó kọjú sí mi ó ṣe ìka ẹ̀ roboto láti bi mí pé ṣé kò sí nǹkan, lèmi náà bá na àtàǹpàkò sókè bí mo ṣe máa ń ṣe fáwọn èèyàn lórí ilẹ̀, pé gbogbo nǹkan wà dáadáa. Kí n tó ṣẹ́jú òun náà ti na tiẹ̀, ó ti kọrí sókè. Mo kàn ń wò ó ni. Mo fẹ́ pè é, àmọ́ kí lèèyàn fẹ́ fi pe èèyàn níbi tí rẹ́gúlétọ̀, ohun tá a fi ń mí látinú sílíńdà, ti dí ẹnu?

Olùkọ́ wa ò bínú sí mi o. Wọ́n ní ẹnìkejì mi ló ṣe é bó ṣe yẹ, pé lábẹ́ omi àtàǹpàkò sókè ò ní ìtumọ̀ méjì, "ó parí, jẹ́ ká gòkè" ni, tẹ́nì kan bá sì ti nà án, ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ bá a jiyàn, ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ bi í pé kí ló dé, ó di orí omi. Kódà kó jẹ́ pé ara ẹ̀ kàn ń ṣe é bákan ni. "Ó dáa" ni kéèyàn fi orí àtàǹpàkò kan orí ìka tó tẹ̀ lé e. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín "mo wà pa" àti "gbé mi jáde níbí" ò ju ìka kan lọ.

A máa ń ní ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, tó bá dénú ẹ̀ á di odindi. Lábẹ́ omi ààbọ̀ yẹn gan-an ò sí, èyí tó bá ti wà nínú yín kẹ́ ẹ tó wọ̀ ọ́ náà lẹ máa lò. Ìdí tí mo fi jókòó ti ìwé mi lálẹ́ yìí nìyẹn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo ti ń há àwọn ọ̀rọ̀ yìí sórí bí ọmọ iléèwé tó fẹ́ ṣèdánwò, NDL, BCD, MOD, PO2, mo lè ka ohun tí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan dúró fún láìṣì í, àmọ́ ìbéèrè míì ni mò ń bi ara mi báyìí: tí mo bá rí i, kí ló yẹ kí ara mi ṣe?

Ẹ jẹ́ n bẹ̀rẹ̀ látorí èyí tí gbogbo ayé ń ṣì pè, tánkì ọ́síjìn. Èmi gan-an ń pè é bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Afẹ́fẹ́ ló wà nínú ẹ̀, èyí tá à ń mí sínú yìí náà, ọ́síjìn 21 nínú ọgọ́rùn-ún, ìyókù fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ náítírójìn tán, wọ́n wá kì í mọ́nú sílíńdà títí á fi tó nǹkan bí 200 bar, bar ni wọ́n fi ń wọn bí nǹkan ṣe ń tẹni tó. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni àṣìpè yẹn títí olùkọ́ fi ṣírò ẹ̀ lójú wa. Lórí omi, bar 1 ni afẹ́fẹ́ fi ń tẹ̀ wá. Gbogbo mítà 10 tá a bá wọ̀ lọ sísàlẹ̀ òkun, bar 1 míì á gun orí ẹ̀, torí náà mítà 10 jẹ́ bar 2, mítà 30 jẹ́ bar 4. Ìpín tó jẹ́ ti ọ́síjìn nínú iye yẹn ni PO2. Wọn kì í fẹ́ kó kọjá 1.4 fún ẹni tó ń ta ẹsẹ̀ káàkiri nísàlẹ̀, 1.6 ni òpin pátápátá, ẹni tó dúró jẹ́ẹ́ tó ń sinmi kó tó gòkè ni wọ́n sì fi ìyẹn sílẹ̀ fún. Ọ́síjìn tí wọn ò pò mọ́ nǹkan kan á ti dé 1.6 ní mítà 6 péré. Tó bá ju ìyẹn lọ, gìrì lè mú èèyàn láìsí àmì kankan ṣáájú, rẹ́gúlétọ̀ á bọ́ lẹ́nu ẹ̀, omi ló máa fà símú. Paul Bert, ará Faransé kan, ti kọ̀wé nípa gìrì tí ọ́síjìn ń fà yìí ní 1878, kẹ́nikẹ́ni tó máa gbé sílíńdà kọ́ ẹ̀yìn lọ sínú òkun bá a ṣe ń ṣe é lónìí. Ẹni tó bá wá gbé ojúlówó ọ́síjìn lọ sí mítà 30 torí pé "tánkì ọ́síjìn" ni wọ́n ń pè é, ó kú nìyẹn.

Ibẹ̀ ni nitrox ti wá yé mi. Ọ́síjìn ni wọ́n fi kún afẹ́fẹ́, ó lè jẹ́ 32 nínú ọgọ́rùn-ún, ó lè jẹ́ 36, kí náítírójìn tó ń wọ ara lè dín kù kéèyàn sì lè pẹ́ díẹ̀ sí i nísàlẹ̀. Ohun tí mo rò tẹ́lẹ̀ ni pé á jẹ́ kéèyàn lè wọ̀ jìn sí i. Rárá o. Ńṣe ló ń gbé ìsàlẹ̀ wá sókè: nitrox 32 ò gbọ́dọ̀ kọjá nǹkan bíi mítà 33, 36 ò gbọ́dọ̀ kọjá nǹkan bíi mítà 28. Iye mítà yẹn ni MOD, wọ́n máa ń kọ ọ́ gàdàgbà sára sílíńdà kí ẹlòmíì náà lè rí i. Èyí tí mo kọ síwájú ẹ̀ nínú ìwé mi ni: fúnra rẹ wọn ohun tó wà nínú ẹ̀, kí o tó fi sẹ́nu ka ara sílíńdà, kí o wá wo ibi tó o wà.

Àmọ́ ọ̀rọ̀ tó wọ̀ mí lọ́kàn jù ni ceiling. Àjà. Àjà ilé, ẹ gbójú sókè ẹ rí i, ẹ na ọwọ́ ẹ kàn án. Èyí tó wà lábẹ́ omi, kò sí ojú tó lè rí i, omi mímọ́ gaara lẹ máa wò lókè orí yín, tí oòrùn ń tàn wọ inú ẹ̀, àjà sì wà níbẹ̀. Bó ṣe jẹ́ rèé. Náítírójìn tá à ń mí sínú nísàlẹ̀ ń wọ ẹ̀jẹ̀, ó ń wọ iṣan, ó ń wọ ọ̀rá, bá a bá sì ṣe jìn tó tá a sì pẹ́ tó ló ṣe máa pọ̀ tó. Gbèsè ni mò ń pè é nínú ìwé mi. NDL ni iye ìṣẹ́jú tó kù tí gbèsè náà ṣì kéré débi tó o fi lè gòkè tààrà láìsan nǹkan kan lọ́nà. Tí ìṣẹ́jú yẹn bá tán, kọ̀ǹpútà ọwọ́ á fi mítà kan hàn ọ́, 6 ni o, 9 ni o, o ò gbọ́dọ̀ gòkè kọjá ibẹ̀ títí wàá fi san díẹ̀, àjà nìyẹn. Tó o bá já a, gbogbo náítírójìn yẹn á fẹ́ jáde lẹ́ẹ̀kan náà, á hó nínú ara. Àwọn òṣìṣẹ́ tó ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ afárá ní Amẹ́ríkà láyé ọjọ́un, ní St. Louis àti New York, inú àpótí ńlá tí wọ́n fi afẹ́fẹ́ kún lábẹ́ odò ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́, tí wọ́n bá jáde, oríkèé á máa ro wọ́n débi pé wọ́n á tẹ̀ kọ́rọ́, ibẹ̀ ni orúkọ tí wọ́n ń pe àìsàn náà títí dòní ti wá, bends. Àwọn míì rọ, àwọn míì kú. J. S. Haldane, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, ló wá bá àwọn ọmọ ogun ojú omi ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá ojútùú sí i, ewúrẹ́ ló fi dán an wò, nígbà tó sì di 1908 ó gbé àtẹ kan jáde tó sọ ibi téèyàn máa dúró sí àti iye ìṣẹ́jú tó máa fi dúró. Díẹ̀díẹ̀ la fi ń san gbèsè yẹn títí dòní.

Mi ò fẹ́ kẹ́nikẹ́ni pa ìdúró méjèèjì pọ̀ o, èmi náà pa wọ́n pọ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko. Safety stop, mítà 5 fún ìṣẹ́jú 3, ìmọ̀ràn tó dáa ni, tí afẹ́fẹ́ ẹnìkejì rẹ bá ń tán lọ, ẹ fò ó kẹ́ ẹ máa gòkè. Deco stop, ìdúró tí àjà ń fà yẹn, kì í ṣe ìmọ̀ràn. Ibẹ̀ làwọn tó ń ṣe technical ti yà kúrò lára àwa tá a ṣì ń kọ́ṣẹ́, àwọn mọ̀ọ́mọ̀ ń wọ gbèsè ni, wọ́n sì ti gbé sílíńdà tí wọ́n máa fi san án dání kí wọ́n tó kúrò lórí ọkọ̀.

Lára ohun tí wọ́n ń gbé dání ni trimix, ọ́síjìn, hílíọ̀mù àti náítírójìn. Hílíọ̀mù wà níbẹ̀ torí narcosis. Tó bá ti ń tó mítà 30, náítírójìn inú afẹ́fẹ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í pa èèyàn bí ọtí, inú ẹ̀ lè máa dùn láìnídìí, ẹ̀rù lè máa bà á láìnídìí, ó lè tẹjú mọ́ gééjì kó má mọ ohun tó kà. Oògùn ẹ̀ ò le, kéèyàn gòkè mítà díẹ̀, á sì dá. Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni pé ẹni tó ń pa kì í mọ̀ pé ó ń pa òun. Ẹnìkejì ẹ̀ ló máa rí i lójú ẹ̀. Trimix 10/70 wà tó jẹ́ ọ́síjìn 10 nínú ọgọ́rùn-ún pẹ̀lú hílíọ̀mù 70, tó o bá mí in lórí omi, wàá dákú, kò tó gbé ẹ̀mí èèyàn dúró, ní mítà 60 PO2 ẹ̀ ti di 0.7, ara gbà á dáadáa. Sílíńdà kan náà, àdàlù kan náà, ibi tó o wà ló máa sọ bóyá ìyè ni tàbí ikú. Ẹ̀rù ọ̀rọ̀ yẹn bà mí gidi gan-an.

Àwọn tó kù ò gbà mí lákòókò púpọ̀. BCD ni ẹ̀wù tá à ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí ká má baà rì ká má sì léfòó. Trim ni kí ara nà gbọọrọ kẹ́sẹ̀ má máa rú ẹrẹ̀ sókè. Squeeze ni ohun tó ń ṣe etí mi yìí, mo jẹ́ kó kọ́kọ́ dùn mí kí n tó fún imú kí n sì fẹ́ atẹ́gùn sí i, bẹ́ẹ̀ látorí omi ló yẹ kí n ti bẹ̀rẹ̀, kí n má sì dákẹ́ bí mo ṣe ń wọ̀ lọ. Ọ̀kan tí ò ní lẹ́tà kankan àmọ́ tí olùkọ́ máa ń tún sọ ní gbogbo ìgbà ni pé ká má ṣe di èémí sínú. Ẹni tó bá fa èémí kún ẹ̀dọ̀fóró ní mítà 10 tó sì pa ẹnu dé gòkè, afẹ́fẹ́ yẹn á di ìlọ́po méjì kó tó dórí omi, ẹ̀dọ̀fóró sì lè ya. Nígbà tí ẹnìkejì mi ń gòkè lónìí, mo rí afẹ́fẹ́ tó ń hó jáde lẹ́nu ẹ̀ láìdáwọ́ dúró, jẹ́jẹ́ ló ń lọ. Kò gbàgbé.

Èyí tí mo fẹ́ kọ gbẹ̀yìn ni rule of thirds, tàwọn tó ń wọ ihò àpáta lábẹ́ omi ni, níbi tí òkúta ti bo orí tó jẹ́ pé bó o tiẹ̀ na àtàǹpàkò sókè, ọ̀nà tó o gbà wọlé náà lo máa padà bá jáde. Sheck Exley tó jẹ́ ará Florida wà lára àwọn tó jókòó ti ìtàn àwọn tó kú sínú ihò, tó wo ohun tó ń pa wọ́n, tó sì sọ ọ́ di òfin fáwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Ìdá mẹ́ta ni wọ́n ń pín afẹ́fẹ́ sí. Tó bá jẹ́ 210 bar, 70 fún àlọ, 70 fún àbọ̀. Mo rò pé 70 tó kù, kó wà níbẹ̀ bóyá nǹkan á ṣẹlẹ̀ sí mi. Olùkọ́ ní kì í ṣe tèmi. Tẹnìkejì mi ni, lọ́jọ́ tí tiẹ̀ bá tán sí ìparí ihò, 70 yẹn ló máa mí títí a ó fi jọ jáde, tiẹ̀ náà sì wà lẹ́yìn ẹ̀ fún mi. Àwọn méjì ń gbé ẹ̀mí ara wọn kọ́ ẹ̀yìn, tí wọn ò sì ní kàn án tó bá ti ń lọ bó ṣe yẹ. Mo ka gbólóhùn yẹn lẹ́ẹ̀mẹta kí n tó pa ìwé dé.

Ọ̀la ò ní ju mítà 12 lọ, kò sí àjà, kò sí ihò. A máa yí padà tí afẹ́fẹ́ ẹni tí tiẹ̀ kéré jù bá ti ku 100 bar, a ò ní gòkè kọjá mítà 9 ní ìṣẹ́jú kan.

Mo tẹ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí ẹnìkejì mi kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ eléyìí: "Jọ̀ọ́ má bínú fún tòní. Tí mo bá na àtàǹpàkò lọ́la, òótọ́ ni mo fẹ́ gòkè o."

Ẹ̀ẹ̀kan báyìí ló fèsì: "Tòní náà, mo gbà pé òótọ́ ni."